Ilẹ̀ tó ń pa òwú: àkọsílẹ̀ oko wa lọ́nà Bùnú, 2021 sí 2024

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé.

Oko tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tóbi, kò pé éékà kan. Ó wà lẹ́yìn Kàbà bí a bá ń lọ sí Bùnú, lẹ́bàá odò kékeré kan tó máa ń gbẹ bí oṣù Kejìlá bá dé. Màmá mi ló ni ín. Òwú ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ kí n tó dáyé, torí kíjìpá ni wọ́n ń hun, wọn ò sì gbà láti fi òwú ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà lọ́jà hun ún tán pátápátá. Ẹni tó bá mọ Bùnú mọ̀ pé obìnrin ibẹ̀ àti òfì kì í jìnnà síra. Aṣọ ipò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn àgbà, ọwọ́ wọn ló ti ń wá.

Èmi fúnra mi, jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tún ṣe ní Kàbà. Mo ní ìwé kan ní ṣọ́ọ̀bù tí mo máa ń kọ nǹkan sí nípa ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: ohun tí mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣe é, àti ohun tó padà jẹ́ pé ó ṣe é. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló ń kọ́ mi níṣẹ́ jù. Nígbà tí òwú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé náà, mo fi ojú ìwé mélòó kan sílẹ̀ fún oko. Ibẹ̀ ni mo ti ń da èyí kọ.

Oṣù Kẹjọ, 2021

A gbin òwú náà ní ìparí oṣù Kẹfà, ó sì ti dé orúnkún. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nínú oṣù Kẹjọ, Màmá ránṣẹ́ pé òwú ẹ̀bá ọ̀nà ń sùn lọ́sàn-án. Mo lọ wò ó. Ó tó ọgbọ̀n igi, gbogbo wọn lójú kan. Ní agogo méjì ọ̀sán, ewé wọn rọ wọ̀ọ̀ bí etí ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún gbérí.

Ohun tí mo kọ: "Òùngbẹ. Ẹ bu omi."

Ọjọ́ mẹ́rin ni èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ru omi láti odò. Lọ́jọ́ karùn-ún, ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ìyeyè. Kì í ṣe gbogbo ewé lẹ́ẹ̀kan: etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, àárín sì ṣì tutù.

Mo pa òùngbẹ rẹ́, mo kọ: "Ebi. Yúríà."

A fi yúríà sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ewé òkè dúdú mìnìjọ̀, mo sì ń fọ́nnu fún Màmá pé ẹ rí i bí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, igi tó dúdú jù ló kọ́kọ́ ṣubú. Ó rọ láàárọ̀, kò gbérí mọ́ lálẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó kà á pé nitrogen (oúnjẹ igi kan) tó bá pọ̀ jù, pàápàá irú tó wà nínú yúríà, a máa ran àrùn yìí lọ́wọ́, àìtó potassium, oúnjẹ igi mìíràn, náà a sì máa ràn án lọ́wọ́. Oúnjẹ tí mo gbé fún aláìsàn, àrùn ló jẹ ẹ́.

Mo tún ra oògùn kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta oògùn oko. Ó ní kí n máa fọ́n ọn sórí ewé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Owó yẹn ṣì ń dùn mí. Kò sí oògùn tí èèyàn lè fọ́n sórí ewé òwú tó ti rọ báyìí tí yóò dé ibi tí àrùn náà wà.

Oṣù Kẹsàn-án, 2021: bíléèdì

Ẹ̀gbọ́n kan tí oko kajú rẹ̀ bá tiwa pààlà ní ikán ni. Ikán kò ṣàjèjì sí wa, nítorí náà mo fa igi kan tu. Bó bá jẹ́ ikán ni, gbòǹgbò á ti dihò, yẹ̀pẹ̀ á sì wà nínú rẹ̀. Gbòǹgbò tiwa pé, ó le. Mo ti gbé e sókè láti jù ú nù, ni ọkàn mi bá sọ pé: ó dára, bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n gbé wá fún ẹ, tí epo wà nínú táńkì, tí ẹ̀rọ kò sì rí epo fà, kí lo máa ṣí wò? Ọ̀nà epo ni.

Mo yọ bíléèdì, mo gé igi náà ní ìbú, ní ìwọ̀n ìka méjì sókè ilẹ̀. Inú igi òwú tó yá máa ń funfun bí ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ti èyí ní àmì tóótòòtó lábẹ́ èèpo, tí wọ́n to ara wọn yí po bí ẹni fi ẹnu bírò tẹ̀ ẹ́. Mo wá là á ní gígùn láti ìdí lọ sókè. Àwọn àmì yẹn kì í ṣe tóótòòtó mọ́, ìlà ni wọ́n, àwọ̀ wọn dà bí àbàwọ́n obì lára eyín, wọ́n gba inú gbòǹgbò ńlá lọ títí kọjá ẹ̀ka kejì. Mo gé òmíràn láti àárín oko níbi tí òwú ti dáa. Funfun gbòò.

Omi wà nílẹ̀, gbòǹgbò wà, ọ̀nà ló dí.

Mo gbé igi méjèèjì lọ bá Màmá níbi òfì. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró, wọ́n wò ó, kò yà wọ́n lẹ́nu rárá. Wọ́n ní, "Mo ti rí i rí. Ilẹ̀ tó ń pa òwú nìyẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á kó kúrò níbẹ̀, ó di igbó."

Mo ní, "Ẹ ò wá sọ fún mi látọjọ́ yìí, Màmá, tí mo fi ń ru omi?"

Wọ́n ní, "O ò bi mí. O gbé ìwé wá."

Ohun tí mo padà kọ́ nípa rẹ̀

Orúkọ tí àwọn oníwèé fún un ni Fusarium oxysporum, ẹ̀ka rẹ̀ tó ń bá òwú jà sì ni vasinfectum. Irú ẹ̀dá kan náà ni pẹ̀lú ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ nílé, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni èyí ń gbé. Alabama ní Amẹ́ríkà ni onímọ̀ kan, Atkinson, ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àrùn náà ní ọdún 1892. Ẹnu gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, ó sì fẹ́ràn ojú ọgbẹ́. Tó bá ti wọ inú ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè, á máa bí síbẹ̀. Igi òwú fúnra rẹ̀ á máa fi nǹkan bí oje dí ọ̀nà náà kí ọ̀tá má bàa ráyè kọjá, omi náà kò sì ní ráyè kọjá mọ́. Ìdí nìyí tó fi ń rọ lọ́sàn-án níbẹ̀rẹ̀, tó sì ń gbérí lálẹ́: ìdajì ọ̀nà ṣì ṣí nígbà yẹn, ó ń tó o bí oòrùn bá rọlẹ̀.

Ìbátan rẹ̀ kan wà, Verticillium, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tútù ni ìyẹn fẹ́. Ilẹ̀ gbígbóná, oníyanrìn, tó kan, ni Fusarium fẹ́. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ lásán rin oko wa ní oṣù Kẹta mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni hóró rẹ̀. Bí kò bá sí òwú mọ́, á sọ ara rẹ̀ di hóró kékeré tí èèpo rẹ̀ nípọn, á sì jókòó sínú ilẹ̀. Ó lè jókòó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Nígbà tí gbòǹgbò òwú bá tún sún mọ́ ọn, oje tí gbòǹgbò ń sun ni yóò jí i. Ọgbọ́n àwọn àgbà tí wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ di igbó kò burú, ilẹ̀ ṣáà pọ̀ nígbà náà. Lónìí, kajú ti yí wa ká, ibo la fẹ́ kó lọ?

Oṣù Kìíní, 2022: àṣìṣe tó ná mi jù

Lẹ́yìn ìkórè, mo kà á pé kí a fa gbogbo igi tó kú tu, kí a sun ún. Mo ṣe é. Mo fa igi ẹ̀bá ọ̀nà tu pẹ̀lú gbòǹgbò àti yẹ̀pẹ̀, mo dì wọ́n, mo fi okùn so wọ́n, mo sì wọ́ wọn gba àárín oko kọjá lọ sí etí odò níbi tí mo ti fẹ́ dáná sí wọn. Mo ń kọrin lọ. Ọkọ́ tí mo fi wú wọn náà ni mo fi kọ poro tuntun nígbà tí òjò dé.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Oṣù Kẹsàn-án, 2022

A tún gbìn. Ẹ̀bá ọ̀nà tún kú, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé igi méjì rọ ní àárín oko, mẹ́ta tún rọ níwájú wọn, òmíràn tún rọ nísàlẹ̀. Mo gun orí òkìtì ikán tó wà ní kọ̀rọ̀, mo wò ó látòkè. Àwọn ewé pípọ́n náà to ìlà kan tó wọ́ kọ́rọkọ̀rọ láti ẹ̀bá ọ̀nà dé etí odò.

Mo pe Màmá. "Màmá, ẹ wá wo bó ṣe tò."

Wọ́n gbọ́wọ́ síwájú orí, wọ́n wò ó pẹ́. "Ṣé kì í ṣe ibi tí o wọ́ igi gbà nìyẹn?"

Ibẹ̀ gan-an ni. Yẹ̀pẹ̀ tó ń já bọ́ lára gbòǹgbò lọ́jọ́ náà, èmi ni mo gbin àrùn náà lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń gbin àgbàdo. Iṣẹ́ tí mo ṣe láti lé e lọ ló tàn án ká.

Láti ọjọ́ náà, ibi tí igi bá kú sí ni mò ń sun ún. Bí mo bá fẹ́ fà á tu, màá kọ́kọ́ ki orí rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ńtì òfìfo, kí yẹ̀pẹ̀ má bàa fọ́n. Mo kun ẹ̀rú ọkọ́ kan ní ọ̀dà pupa, ojú ilẹ̀ àìsàn nìkan ni ìyẹn ń ṣiṣẹ́. A máa ń ro ibi tó dáa ṣáájú, a ó tó wọ ibi tí kò dáa, a kì í yí i padà. Àdá àti bàtà, a ó kọ́kọ́ ha yẹ̀pẹ̀ ara wọn kúrò pátápátá, nítorí omi Jíìkì kì í ríṣẹ́ ṣe lára ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó rì wọ́n sínú Jíìkì ife kan sí omi ife mẹ́sàn-án. Ẹ fi omi ṣàn án lẹ́yìn náà, kí ẹ sì fi òróró pa irin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpẹta á jẹ ẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìyẹn, mi ò kà á níbì kankan. Irin ni iṣẹ́ mi.

Oṣù Kẹwàá sí Kejìlá, 2022: bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin

Ìbéèrè kan ń yọ mí lẹ́nu. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀? Òwú kan náà, òjò kan náà. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà mẹ́rin tó ti tán sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo lu ìdí wọn. Méjì gba ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà, méjì gba ilẹ̀ igun oko tí ìkankan kò tíì kú. Nínú méjì méjì yẹn, ọ̀kan gba òwú márùn-ún, ìkejì gba ilá márùn-ún. Ilá ni mo yàn nítorí ó tètè ń fi ohun tó wà nínú ilẹ̀ hàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà mo fa ilá tu, mo fi omi fọ gbòǹgbò wọn díẹ̀díẹ̀. Ti ilẹ̀ dídáa mọ́, wọ́n rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ti ẹ̀bá ọ̀nà wú kókó kókó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, àwọn kan tó hóró ẹ̀wà. Ẹ má ṣe fi kókó yìí pe ti gbòǹgbò ẹ̀pà o. Kókó ara gbòǹgbò ẹ̀pà, ìka lásán lè yọ ọ́ kúrò, ó sì ń ṣe ilẹ̀ lóore. Èyí kì í yọ. Gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú, àfi kí o já a.

Aràn kéékèèké inú ilẹ̀ ló ń ṣe é, èyí tí ojú lásán kò rí, nematode ni wọ́n ń pè é. Òun àti Fusarium jọ ń ṣòwò ni. Aràn á lu gbòǹgbò, á sọ ọ́ di aláìlágbára, Fusarium á gba ibẹ̀ wọlé. Òwú tó bá dojú kọ Fusarium nìkan lè là á já. Tí àwọn méjèèjì bá pàdé lára rẹ̀, ìyẹn lọ nìyẹn. Nínú òwú márùn-ún tó wà ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀bá ọ̀nà, mẹ́ta rọ. Ní ti ilẹ̀ dídáa, ìkankan kò rọ.

Mo lọ bi Màmá léèrè ohun tí wọ́n ń gbìn sí ẹ̀bá ọ̀nà tẹ́lẹ̀.

"Ilá ni. Ibẹ̀ ló yá láti já a tí mo bá ń bọ̀ nílé. Ó tó ọdún mẹ́jọ."

Ilá kò sì dáa fún ọ̀ràn yìí lápá méjèèjì: aràn yẹn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, Fusarium òwú yìí náà a sì máa bá a jà. Ọdún mẹ́jọ la fi bọ́ wọn. Nígbà tí mo ṣàlàyé, Màmá kò fèsì fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ilá yẹn náà ni mo fi bọ́ yín." Mo panu mọ́.

Oṣù Kejì sí Kẹrin, 2023

Ọdún yìí ni iṣẹ́ pọ̀ jù.

Mo kọ́kọ́ gbé ilẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ó kan: pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wọn kíkan ilẹ̀, jẹ́ 5.2; bó bá ṣe kéré tó ni kíkan ṣe pọ̀ tó. Ẹfun ilẹ̀, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná, ló máa ń tún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, tó bá sì sún mọ́ 6.5, ara kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ Fusarium mọ́. Ẹ wá wò ó: àwa ará ìwọ̀-oòrùn Kogí yìí la ní òkúta ẹfun Ọbájànà tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì kiri Nàìjíríà, mo sì wá lọ̀lọ̀ rẹ̀ fún oko ní Kàbà, mi ò rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú da sìmẹ́ńtì sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Àpò ẹfun ilẹ̀ mẹ́rin ni mo padà rí rà láti Lọ́kọ́ja. Ìyókù, eérú ni: eérú igi láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń yan gàrí. Eérú ń gbógun ti kíkan ilẹ̀, potassium sì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ẹ kàn má pò ó pọ̀ mọ́ yúríà. Òórùn tí yóò gba imú yín yẹn, owó yín ló ń fò lọ.

Lẹ́yìn náà ni oòrùn. Ní 1976, onímọ̀ kan, Katan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì kọ bí wọ́n ṣe fi náílọ̀n bo ilẹ̀ tútù kí oòrùn lè se é, kí àrùn inú rẹ̀ sì kú. Bí oòrùn ni nǹkan tó ń ṣe é, èmi rò pé oṣù Kejì àti Kẹta tiwa kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Mo ru omi rin ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba ooru wọlé bí èyí tó tutù. Mo tẹ́ náílọ̀n dúdú lé e.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Mo ki tẹmómítà sí i níwọ̀n gígùn ìka kan, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìta. Náílọ̀n dúdú fúnra rẹ̀ ló ń gba ooru náà mọ́ra, kò jẹ́ kó délẹ̀. Èyí tó mọ́ gaara ni wọ́n ń lò, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ooru ilẹ̀ lábẹ́ náílọ̀n jẹ́ 47°C, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níta 38°C. Ìyẹn ló dára! Ewúrẹ́ wá rìn gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n lu ú ní ihò mọ́kànlá. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, mo fi ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún yí i ká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò kí n tó ká a kúrò, òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú.

Bí ẹ bá bi mí, iṣẹ́ ojú ilẹ̀ kékeré ni èyí. Owó náílọ̀n ọ̀hún ju owó òwú tó lè jáde níbẹ̀ lọ́dún kan. Ẹni tó ní éékà márùn-ún kò gbọdọ̀ rò ó.

Ọdún 2023 tó kù

A kò gbin òwú rárá. Ẹ̀pà ló gba ẹ̀bá ọ̀nà àti ìlà tí mo wọ́ igi gbà, torí aràn tó wú gbòǹgbò ilá wa yìí kì í rí oúnjẹ jẹ lára ẹ̀pà. Ọkà bàbà gba ìyókù. Mo mọ̀ pé ẹ̀pà kì í pa Fusarium, torí hóró rẹ̀ lè dúró dè wá. Aràn ni mo fẹ́ febi pa. Tí ẹnìkejì Fusarium bá ti lọ, òun nìkan kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ìjà tó kù wà lórí irúgbìn. Àrùn yìí lè bá irúgbìn rìn, mo sì fẹ́ kí a kó gbogbo èyí tó wà nílé dànù. Màmá kọ̀. Irúgbìn ìyá wọn ni. Òwú rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó máa ń di ìrànwú mú bí ẹni mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe.

Ohun tó là wá níjà ni ìtàn kan tí mo kà. Lápá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àrùn yìí fẹ́ run òwú àwọn erékùṣù South Carolina. W. A. Orton láti iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, àti àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í mú irúgbìn lára igi tó bá dá dúró láàárín òkú. Ibẹ̀ ni irú òwú tó ń kọ àrùn yìí ti jáde. Ó sì jẹ́ pé ní 2022, igi mẹ́fà dúró gbagidi ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ẹgbẹ́ wọn ti kú yí wọn ká. Màmá ti so òwú pupa mọ́ wọn lára, wọn ò sọ fún mi, wọ́n sì ti gbọ̀n irúgbìn wọn sọ́tọ̀. Mo la igi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́jọ́ tí a fà wọ́n tu. Mẹ́rin funfun nínú, méjì ní àbàwọ́n. A kó ti mẹ́rin yẹn pamọ́, a sun ìyókù.

Ìyẹn ni ìdajì irúgbìn wa; fún ìdajì kejì, a ra irúgbìn tó ní ìwé ẹ̀rí. Samaru ní Zaria, ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ahmadu Bello, ni ìdí irúgbìn òwú tiwa ní Nàìjíríà; orúkọ àwọn irúgbìn náà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SAMCOT. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó béèrè èwo ló bá ẹkùn tiwa mu. Àwọn kan ní kí n lọ ra òwú Bt tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2018. Kòkòrò tó ń jẹ èso òwú ni ìyẹn ń bá jà, kò kan tiwa yìí.

Oṣù Keje sí Kejìlá, 2024

Ọjọ́ 5 oṣù Keje la gbìn. Irúgbìn Màmá gba poro kan, tuntun gba èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ títí dópin. Kò sí yúríà. Eérú àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa ni, díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń ka òkú.

Ní ìlà tí mo wọ́ igi gbà, igi 140 la gbìn, 11 ló kú. Ní 2022, ó lé ní ìdajì. Ní ẹ̀bá ọ̀nà tí oòrùn sè, igi 60, mẹ́rin ló kú, ibi tí gbogbo wọ́n sì kú sí pa mí lẹ́rìn-ín: etí gan-an ni, níbi tí mo ti fi yẹ̀pẹ̀ tẹ náílọ̀n mọ́lẹ̀, tí ooru kò fi dé. Àárín kò kú rárá. Tí mo bá tún ṣe é, màá tẹ́ náílọ̀n kọjá ààlà ní ìṣísẹ̀ kan yípo.

Nínú òkú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí, mẹ́sàn-án jẹ́ irúgbìn tuntun, mẹ́fà jẹ́ ti Màmá. Ẹ má fi ìyẹn ṣe òfin, igi náà kò pọ̀ tó. Mo ṣáà kọ ọ́ síwájú Màmá, wọ́n sì ní kí n kà á sókè lẹ́ẹ̀kejì.

Àrùn náà ṣì wà níbẹ̀. Mo fa gbòǹgbò mélòó kan wò, kókó ṣì wà lára díẹ̀. Ní 2025, ẹ̀pà ló tún ń padà bọ̀ sí ìlà yẹn. Ilá ti kó lọ sí òdìkejì odò, ó sì ní ọkọ́ tirẹ̀.

Èyí tí mo kọ gbẹ̀yìn jẹ́ ti àárín oṣù Kejìlá. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, Màmá pè mí lórí fóònù. Igi òwú kan ti rọ nítòsí odò, níbi tí ìkankan kò tíì kú rí. Ẹ̀rù bà mí. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti bu omi sí i.

"Omi kẹ̀? Mo ti là á," ni wọ́n wí. "Inú rẹ̀ funfun. Ikán ni."